Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ̀ Ṣáájú Bóyá Ìràwọ̀ Onírù Kan Yóò Fa Òjò Ìràwọ̀

Gbogbo ìgbà tí ìròyìn bá gbé e pé ìràwọ̀ onírù kan (comet) ń bọ̀, kì í pẹ́ tí fóònù á fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀: «Ọ̀kun o! Lálẹ́ òní, ìràwọ̀ yóò máa já bí òjò, ẹ má sùn o!» Àwọn ènìyàn á gbé ẹní jáde, àwọn ọmọdé á jókòó ti ìyá wọn lójúde, ilẹ̀ á sì mọ́ bá wọn níbẹ̀ láìrí nǹkan kan. Ó ń dùn mí, torí pé lẹ́yìn irú òru bẹ́ẹ̀, tí èyí tó dájú bá wá dé lóṣù Kejìlá, kò sẹ́ni tó tún fẹ́ jáde.

Ibì kan ṣoṣo ni àṣìṣe náà ti ń wá. Wọ́n rò pé ìràwọ̀ onírù tí a fojú rí ni yóò rọ òjò náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìràwọ̀ onírù dà bí tírélà tó kó yanrìn tí kò bò ó. Gbogbo ibi tó bá gbà ni yanrìn ń dà sí. Ẹni tó bá gun ọ̀kadà bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ yóò kan yanrìn náà, kódà tí tírélà ọ̀hún bá ti dé Lọ́kọ́ja. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba ọ̀nà Òmùò Èkìtì lọ kò ní kan hóró kan níbẹ̀, bó ti wù kí tírélà náà tóbi tó. Yanrìn yẹn ni eruku ìràwọ̀ onírù: tó bá wọ afẹ́fẹ́ ayé tó sì jóná, òun là ń rí bí ìràwọ̀ tó ń já. Nítorí náà ìbéèrè méjì péré ló wà nílẹ̀. Ṣé ọ̀nà ìràwọ̀ onírù yìí àti ọ̀nà ayé pàdé? Ṣé eruku rẹ̀ sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ayé wa yóò kọjá? Ẹ lè dáhùn èyí àkọ́kọ́ fúnra yín pẹ̀lú fóònù láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èkejì ló gba sùúrù.

Ohun tí ẹ nílò

- Fóònù tó ní dátà díẹ̀. Ojúlé JPL Small-Body Database ti àjọ NASA ni ẹ ó ti mú nọ́ńbà, ọ̀fẹ́ ni.
- Ẹ̀rọ ìṣirò tó ní «cos» àti «sin». Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, tí ẹ bá dà á dùbúlẹ̀, cos á yọ.
- Ìwé àti bírò. Ẹ má fi orí ṣe é.
- Fún òru ọjọ́ náà: ẹní, aṣọ tó nípọn, àti tọ́ọ̀ṣì tí ẹ fi ọ̀rá pupa bò lójú kó má baà fọ́ ojú yín.

Ẹ kò nílò awò ìwoye kankan. Ojú lásán ni a fi ń wo òjò ìràwọ̀, awò á kàn dín ibi tí ojú yín lè ká kù ni.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mú orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà ọ̀nà rẹ̀

Ẹ tẹ orúkọ ìràwọ̀ onírù náà sínú ojúlé yẹn. Lẹ́tà tó ṣáájú orúkọ ti ń sọ̀rọ̀ kí ẹ tó ṣí ohunkóhun. P/ túmọ̀ sí pé ó ń padà wá láàárín igba ọdún, tàbí pé a ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. C/ ni èyí tí ọ̀nà rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ tí a kò lè fi ọdún mélòó kan retí rẹ̀. D/ ti sọnù tàbí ó ti túká.

Ẹ da nọ́ńbà márùn-ún kọ:

- q: bó ṣe ń súnmọ́ oòrùn tó nígbà tó bá súnmọ́ ọn jù. AU ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. AU kan ni jíjìnnà ayé sí oòrùn, ìyẹn bíi mílíọ̀nù kìlómítà 150.
- e: bí ọ̀nà rẹ̀ ṣe fẹ̀ gbọọrọ tó.
- i: bí ọ̀nà rẹ̀ ṣe dagun sí ọ̀nà ayé tó, ní dígírì.
- peri: òun ni èmi yóò máa kọ ní ω.
- node: òun ni Ω.

Ní ojú ewé kan náà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ «Earth MOID» sí, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. A ó padà sórí rẹ̀.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣìnà: wọ́n máa ń pa peri àti node dà, torí dígírì ni méjèèjì. Ẹ kọ orúkọ sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan.

Kí ẹ tó tẹ̀síwájú, ẹ wo q. Tí ó bá ju 1.1 lọ, ẹ pa fóònù, ẹ lọ sùn. Ìràwọ̀ onírù náà kì í dé ọ̀nà wa rárá. 67P/Churyumov–Gerasimenko, èyí tí ọkọ̀ Rosetta lọ bá lọ́dún 2014, gbajúmọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n q rẹ̀ jẹ́ bíi 1.2. Kò lè rọ òjò kankan lé wa lórí bí ọ̀nà rẹ̀ ṣe wà yìí.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wá oríta méjèèjì

Ẹ fojú inú wo ẹní tí a tẹ́ sílẹ̀. Orí ẹní yìí ni ayé ti ń yí oòrùn ká, kì í gòkè, kì í wọlẹ̀. Ọ̀nà ìràwọ̀ onírù kì í sábà wà lórí ẹní. Ńṣe ló máa ń dá ẹní náà lu níbi méjì, ibi tó ti ń yọ sókè àti ibi tó ti ń wọ ìsàlẹ̀. Mo ń pè wọ́n ní oríta òkè àti oríta ìsàlẹ̀. Níbi gbogbo tó kù, òkè orí wa tàbí abẹ́ ẹsẹ̀ wa ló ń gbà, bí ọ̀nà tó gba orí afárá kọjá lórí ọ̀nà mìíràn. Lórí máàpù, ẹ ó rò pé ọ̀nà méjèèjì pàdé, ṣùgbọ́n ọkọ̀ wọn kò lè kan ara wọn láéláé. Ìdí nìyí tí àwòrán inú fóònù tó fi ìlà ìràwọ̀ onírù kọjá lórí ìlà ayé kò fi tó láti fi pariwo.

Ìṣirò rẹ̀ nìyí:

Oríta òkè = q × (1 + e) ÷ (1 + e × cos ω)

Oríta ìsàlẹ̀ = q × (1 + e) ÷ (1 − e × cos ω)

Ìdáhùn yóò sọ iye AU tí oríta kọ̀ọ̀kan fi jìnnà sí oòrùn. Èyí tí a ń wá ni èyí tó bá súnmọ́ 1, torí ibẹ̀ ni ayé ń gbé. Ayé fúnra rẹ̀ kì í dúró sójú kan: 0.983 ni níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní, 1.017 níbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje.

Ẹ ṣọ́ra níbí. Ẹ̀rọ ìṣirò lè wà lórí RAD dípò DEG. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe ohun gbogbo bó ṣe yẹ tí ìdáhùn rẹ̀ sì jẹ́ òfo nítorí èyí nìkan. Ẹ kọ́kọ́ tẹ cos 60. Bí kò bá fún yín ní 0.5, ẹ yí i padà sí DEG.

Ẹ jẹ́ ká ṣe 109P/Swift–Tuttle pọ̀. q rẹ̀ jẹ́ 0.9595, e jẹ́ 0.9632, ω jẹ́ 153.0. cos 153 jẹ́ −0.891. Tí a bá fi e ṣe é lọ́nà púpọ̀, ó di −0.858. Òkè ìṣirò náà, 0.9595 × 1.9632, jẹ́ 1.884. Oríta òkè: 1.884 ÷ 0.142, ó tó 13.3, lọ́hùn-ún lẹ́yìn Saturn, kò kàn wá. Oríta ìsàlẹ̀: 1.884 ÷ 1.858, ó jẹ́ 1.014. Ní àárín oṣù Kẹjọ, 1.013 ni ayé wà sí oòrùn. Ọ̀nà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ara wọn! Òun ló ń bí òjò ìràwọ̀ Perseids tó ń wá lọ́dọọdún.

Ẹ wá fi NEOWISE wé e, C/2020 F3, tí àwòrán rẹ̀ kún orí fóònù gbogbo ayé ní oṣù Keje ọdún 2020. q jẹ́ 0.295, e jẹ́ 0.999, ω jẹ́ 37.3. Ẹ ṣe é fúnra yín. Ó yẹ kí ẹ rí 0.33 àti 2.87. Ọ̀kan súnmọ́ ọ̀nà Mercury, èkejì wà láàárín Mars àti Júpítà. Kò sí oríta kankan nítòsí wa. Ẹwà rẹ̀ lójú ọ̀run kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú òjò ìràwọ̀. Hale–Bopp, tí àwọn àgbà wa rí ní ìrọ̀lẹ́ lọ́dún 1997, tóbi ju èyí lọ fíìfíì, síbẹ̀ oríta rẹ̀ tó súnmọ́ wa jù jẹ́ bíi 1.11, nígbà tí ayé máa ń wà ní 0.983 lásìkò náà. Àlàfo yẹn lé ní mílíọ̀nù kìlómítà 18.

Tí nọ́ńbà Swift–Tuttle àti NEOWISE bá jáde bí mo ṣe kọ wọ́n, ọwọ́ yín ti mọ́. Ẹ lè ṣe ti èyíkéyìí báyìí.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ fi MOID yẹ̀ ẹ́ wò

MOID ni àlàfo tó kéré jù lọ láàárín ọ̀nà méjèèjì, ibikíbi tó bá wà, kì í ṣe ní oríta nìkan. Kí ló dé tí a fi nílò rẹ̀ tí a bá ti ṣe ìṣirò oríta? Nítorí Halley.

Ẹ ṣe ìṣirò ti 1P/Halley, ẹ ó rí oríta ní nǹkan bí 0.85 àti 1.8. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á sọ pé Halley kò fa òjò kankan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, méjì ló ń fà: Eta Aquariids ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún àti Orionids ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá. Ohun tó fà á ni pé i ti Halley jẹ́ 162. Nọ́ńbà tó súnmọ́ 180 túmọ̀ sí pé ọ̀nà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn sórí ẹní, ṣùgbọ́n ó ń rìn lódìkejì sí ayé. Nígbà tí ọ̀nà bá sùn lé ẹní báyìí, ó lè rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà wa fún ìgbà pípẹ́ kó tó dé oríta. Halley sì ti dàgbà, eruku rẹ̀ ti fẹ̀ káàkiri, tí ọwọ́ rẹ̀ fi ń tó wa láti bíi 0.07 AU.

Nítorí náà, tí i bá kéré sí 25 tàbí tó ju 160 lọ, MOID ni kí ẹ gbọ́kàn lé. Tí i bá wà láàárín, bí 60 tàbí 113, oríta tó.

Bí mo ṣe ń pín wọn nìyí, ọgbọ́n ọwọ́ mi ni, kì í ṣe òfin. Tí àlàfo bá kéré sí 0.01, ẹ jí sí i gidigidi. Láti 0.01 dé 0.1, ó ṣeé ṣe tí ìràwọ̀ onírù náà bá jẹ́ arúgbó tó ti yípo lọ́pọ̀ ìgbà. Láti 0.1 sókè, ẹ fi sílẹ̀, àyàfi tí ẹ bá ní ẹ̀rí tó lágbára.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ sọ Ω di ọjọ́

Oríta kì í ṣí kúrò lójú kan ní kíá, ayé sì ń kọjá níbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà lọ́dọọdún. Tí oríta ìsàlẹ̀ bá ni èyí tó súnmọ́ wa, ẹ mú Ω bó ṣe wà. Tí ó bá jẹ́ oríta òkè, ẹ fi 180 kún un. Tó bá kọjá 360, ẹ yọ 360 kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ wá nọ́ńbà tó súnmọ́ ọn jù níbí:

0 = ọjọ́ 20 oṣù Kẹta
30 = ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin
60 = ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún
90 = ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà
120 = ọjọ́ 22 oṣù Keje
150 = ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ
180 = ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án
210 = ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá
240 = ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá
270 = ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá
300 = ọjọ́ 20 oṣù Kìíní
330 = ọjọ́ 19 oṣù Kejì

Dígírì kan jẹ́ ọjọ́ kan, ó kù díẹ̀ tàbí ó lé díẹ̀. Ω ti Swift–Tuttle jẹ́ 139.4. Ẹ ka dígírì 10.6 sẹ́yìn láti 150, ìyẹn ọjọ́ mọ́kànlá ṣáájú ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ. Gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí ọjọ́ Perseids.

Ẹ má ṣe ka gbogbo rẹ̀ láti ọjọ́ 20 oṣù Kẹta wá. Ayé kì í rìn bákan náà jálẹ̀ ọdún, ẹ sì lè fi bíi ọjọ́ mẹ́fà ṣìnà. Láti nọ́ńbà tó súnmọ́ jù ni kí ẹ ti kà.

Ìṣirò ọjọ́ yìí lè má ṣiṣẹ́ fún àwọn ọ̀nà tó sùn lé ẹní. Tí ẹ bá fi ṣe ti Halley, ẹ ó rí nǹkan bí ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún, tí Eta Aquariids sì ti pé láti ọjọ́ 5 tàbí 6. Fún irú wọn, kàlẹ́ńdà ọdọọdún tí International Meteor Organization ń gbé jáde ni kí ẹ wò.

Àyẹ̀wò: 55P/Tempel–Tuttle ní Ω 235.3, oríta ìsàlẹ̀ ló sì súnmọ́. Tí ẹ kò bá rí ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá, ẹ tún un kà.

Ìgbésẹ̀ 5: Ṣé eruku wà níbẹ̀?

Títí dé ibí, ọ̀nà nìkan la ti ń wò. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀, títí kan àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n.

Lọ́dún 1833, Leonids, òjò ìràwọ̀ tí Tempel–Tuttle ń fà, rọ̀ bí ẹni da ẹ̀wà láti inú apẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Tempel–Tuttle fi ń yí oòrùn ká, òjò ńlá sì tún wá lọ́dún 1866. Nítorí náà, lọ́dún 1899, àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà jáde láti retí rẹ̀. Òfo ni. Agbára Júpítà àti Saturn ti fa eruku náà kúrò lójú ọ̀nà wa kó tó dé. Ojú ti àwọn tó kéde rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì gbàgbọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìràwọ̀ onírù náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn lọ́dún 1899 yẹn kan náà, eruku tuntun bọ́ lára rẹ̀. Eruku yẹn yí oòrùn ká lẹ́ẹ̀mẹta, ní òru ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1999, ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru tiwa, ayé wọ inú rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìràwọ̀ ló já. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ méjì, Robert McNaught àti David Asher, ti sọ àsìkò rẹ̀ ṣáájú, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò sì ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, torí pé wọ́n tọ ipasẹ̀ eruku ọdún kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì ka Júpítà kún un. Ìgbàkigbà tí ẹnikẹ́ni bá ní kí n ṣàlàyé ohun tí mo fẹ́ràn nínú iṣẹ́ yìí, ìtàn ọdún méjèèjì yìí ni mo máa ń sọ.

Àwa ò ní kọ̀ǹpútà láti fa Júpítà sínú ìṣirò. Síbẹ̀, a lè béèrè ìbéèrè mẹ́ta.

Ìkínní: ṣé ó ti yípo lọ́pọ̀ ìgbà? Swift–Tuttle ń gba nǹkan bí ọdún 133 láti padà. 1992 ló wá gbẹ̀yìn, 2126 ló tún ń bọ̀. Perseids kò dúró dè é. Eruku rẹ̀ ti tàn yí gbogbo ọ̀nà náà ká, ìdí nìyẹn tó fi ń wá lọ́dọọdún bí egúngún ìlú. Ìràwọ̀ onírù C/ tó ń wá fún ìgbà àkọ́kọ́ kò ní irú eruku bẹ́ẹ̀ nílẹ̀. Èyí tó ń bọ́ lára rẹ̀ báyìí kò tíì rìn jìnnà sí i.

Ìkejì: tó bá jẹ́ òjò ńlá lẹ ń retí, ṣé ayé dé oríta nígbà tí ìràwọ̀ onírù náà ṣì wà nítòsí? Lọ́dún 1981, onímọ̀ ìràwọ̀ kan, Donald Yeomans, yẹ Leonids ti ọ̀pọ̀ ọdún wò. Ó rí i pé òjò tó lágbára lè wá láàárín ọjọ́ 2,500 ṣáájú tàbí lẹ́yìn ìgbà tí Tempel–Tuttle bá súnmọ́ oòrùn jù, tí ọ̀nà rẹ̀ bá wọ inú ọ̀nà ayé tí kò ju 0.025 AU lọ, tàbí tó bọ́ sí ìta rẹ̀ tí kò ju 0.010 lọ. Ó tún rí i pé ẹ̀yìn ìràwọ̀ onírù náà àti ẹ̀gbẹ́ òde ọ̀nà rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ eruku ń gbà. Ẹ fi yẹ ọdún 1999 wò: oríta wà ní 0.981, ayé ní 0.988, ìràwọ̀ onírù náà wà nínú pẹ̀lú bíi 0.007, ó sì ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn ní oṣù Kejì ọdún 1998. Ó bá a mu. Leonids ni wọ́n fi gé òdiwọ̀n yìí o. Ẹ lè fi ṣe àmúlò fún òmíràn, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi búra.

Ìkẹta: ṣé ìràwọ̀ onírù náà ní eruku rárá? 209P/LINEAR kọjá gbogbo ìdánwò, wọ́n sì retí òjò ńlá ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 2014. Díẹ̀ ló já, torí pé ìràwọ̀ onírù náà kì í sú eruku púpọ̀. Lódìkejì, ìràwọ̀ onírù Biela pín sí méjì ní 1846, kò sẹ́ni tó tún rí i lẹ́yìn 1852, síbẹ̀ òjò ìràwọ̀ ńlá ti ara rẹ̀ wá ní 1872 àti 1885. Ikú ìràwọ̀ onírù kì í ṣe òpin eruku rẹ̀.

Ẹ wá kọ ìdájọ́ yín sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo gbà yín láyè láti lò: «kò lè ṣeé ṣe», «ó ṣeé ṣe», «àwọn onímọ̀ ti kéde ipasẹ̀ eruku rẹ̀». Tí ẹ kò bá rí ìkéde ipasẹ̀ eruku kankan, ẹ kò ní ẹ̀tọ́ láti kọ ìkẹta, bó ti wù kí MOID kéré tó. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi «ó ṣeé ṣe» ránṣẹ́ sórí fóònù bí ẹni pé «ó dájú» ni.

Ìgbésẹ̀ 6: Ṣé àwa níhìn-ín yóò rí i?

Òjò lè rọ̀ kó má dé ọ̀dọ̀ wa. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ìkéde wà nípa 73P/Schwassmann–Wachmann, tó ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ láti 1995. Aago márùn-ún òwúrọ̀ ọjọ́ 31 ni wọ́n kọ. Èmi àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gun àpáta ní Ògìdì láti aago mẹ́rin. Aago márùn-ún UT (aago àgbáyé) ni wọ́n ń wí, aago mẹ́fà tiwa nìyẹn, ojú ọ̀run ti ń là nígbà náà. N kò lè gbàgbé ojú àwọn ọmọ yẹn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi wákàtí kan kún gbogbo aago UT kí n tó sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn aago, ẹ wo orísun òjò náà lójú ọ̀run, ibi tí gbogbo ìràwọ̀ náà dà bí ẹni ti ń tú jáde. Kàlẹ́ńdà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan máa ń kọ «declination» rẹ̀, ìyẹn bó ṣe wà sí àríwá (+) tàbí gúúsù (−) tó lójú ọ̀run, ní dígírì. Kàbà wà ní nǹkan bí dígírì 7.8 sí àríwá. Ẹ wá ìyàtọ̀ láàárín declination àti 7.8, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 90, ẹ ó rí bí orísun náà yóò ṣe gòkè tó lójú wa nígbà tó bá ga jù. Perseids wà ní +58: ìyàtọ̀ jẹ́ 50, gíga rẹ̀ 40. Geminids, òjò ìràwọ̀ oṣù Kejìlá, wà ní +33: gíga rẹ̀ 65. Ursids, tí òun náà ń wá lóṣù Kejìlá, wà ní +75: 23 péré, kò tọ́ sí àìsùn ní ilẹ̀ Yàgbà tàbí Ìjùmú.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi sin gíga yẹn ṣe iye tí wọ́n kéde lọ́nà púpọ̀. ZHR ni wọ́n ń pe iye náà, ìyẹn iye ìràwọ̀ tí ẹnì kan á rí ní wákàtí kan tí orísun bá wà lókè orí rẹ̀ gan-an. ZHR 100 ti Perseids, lójú wa, á di 64, ìyẹn pẹ̀lú ojú ọ̀run tó mọ́ kedere. Ẹni tó bá ka 100 nínú ìròyìn tó sì retí 100 á rò pé wọ́n parọ́ fún òun. Ní ti Eta Aquariids, àwa la jàre. Orísun rẹ̀ wà ní −1, ó ń gòkè dáadáa fún wa kí ilẹ̀ tó mọ́, nígbà tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ń rí i nísàlẹ̀ pátápátá.

Ọ̀pọ̀ òjò ìràwọ̀ ló dára jù lẹ́yìn ọ̀gànjọ́. Nígbà náà ni ibi tí a dúró sí wà níwájú ayé bó ṣe ń sáré lọ. Gíláàsì iwájú ọkọ̀ ni òjò ń bá jù, kì í ṣe ti ẹ̀yìn.

Ẹ wo òṣùpá. Tí ó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ pé tó sì wà lókè ní wákàtí yín, ẹ pín ohun tí ẹ ń retí sí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ojú ọjọ́ tiwa wá ńkọ́? Perseids bọ́ sáàárín àsìkò òjò, ìkùukùu sábà máa ń gbà á lọ́wọ́ wa. Leonids àti Geminids bọ́ sí ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n ọyẹ́ lè mú ojú ọ̀run dà bí ẹni fi eérú bò ó. Òke àpáta ní Ògìdì tàbí Mọ̀pà sàn ju àárín ìlú lọ, torí ẹ ó bọ́ lọ́wọ́ iná ilé ìtajà àti ariwo jẹnẹrétọ̀, ojú ọ̀run á sì ṣí sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ẹ gun ún kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹ mọ ibi tí ẹsẹ̀ yóò gbà sọ̀kalẹ̀. Ẹ sọ fún ará ilé ibi tí ẹ lọ, ẹ má ṣe dá nìkan lọ.

Láti mọ̀ bí ojú ọ̀run bá dára tó, ẹ wá àkójọ ìràwọ̀ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní Pleiades ní oṣù tó bá wà lókè. Tí ẹ bá lè ka mẹ́fà nínú wọn, ẹ tẹ́ ẹní. Tí ẹ kò bá rí ju mẹ́ta lọ, ọyẹ́ tàbí iná ti borí.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ kà á

Ẹ jẹ́ kí ojú yín mọ òkùnkùn fún ogún ìṣẹ́jú, láìwo fóònù. Wíwo fóònù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ń dá yín padà síbẹ̀rẹ̀. Ẹ dùbúlẹ̀, ẹ wo òkè, kì í ṣe orísun gan-an. Ìràwọ̀ tó ń já nítòsí orísun máa ń kúrú.

Ẹ kà fún odindi wákàtí kan. Fún ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá já, ẹ fa ìlà rẹ̀ padà sẹ́yìn lójú inú. Tí ìlà náà bá dé orísun, ẹ fàmì sí «tirẹ̀». Tí kò bá dé ibẹ̀, ẹ fàmì sí «àlejò». Ní gbogbo òru ọdún ni ìràwọ̀ àlejò máa ń já, bíi márùn-ún sí mẹ́wàá ní wákàtí kan lábẹ́ òkùnkùn tó dára, láìsí òjò kankan rárá. Ẹni tó rí mẹ́fà tó sì kígbe pé àsọtẹ́lẹ̀ òun ṣẹ lè jẹ́ pé àlejò ló kà. Ìṣirò yín yọrí tí «tirẹ̀» bá ju «àlejò» lọ dáadáa, ní ọjọ́ tí ẹ kọ sílẹ̀ ṣáájú. Ojúlé International Meteor Organization ń gba irú àkọsílẹ̀ báyìí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tí òfo bá ni, ẹ kọ òfo. Àwọn onímọ̀ ń fi òfo náà ṣiṣẹ́.

Ẹ fi 3200 Phaethon kọ́ ọwọ́ yín. Òkúta ni, kì í ṣe ìràwọ̀ onírù bí a ti mọ̀ ọ́n, 1983 ni wọ́n rí i, síbẹ̀ òun ni Geminids ti wá. q jẹ́ 0.1399, e jẹ́ 0.8898, ω jẹ́ 322.2. Oríta ìsàlẹ̀ rẹ̀ á jáde ní nǹkan bí 0.89, tí ẹ ó fi fẹ́ jù ú nù. Kí ẹ tó jù ú nù, ẹ wo i rẹ̀, 22, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lé ẹní, kí ẹ wo MOID, bíi 0.02. Lẹ́yìn náà, ní òru ọjọ́ 13 mọ́ ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá, ẹ wọ súwẹ́tà, ẹ gbé ẹní, ẹ pe àwọn ọmọ. Orísun rẹ̀ á wà lókè orí yín ní nǹkan bí aago méjì òru.